Ẹ̀kọ Nìkan Kò Tó Ọmọ: Ọ̀ràn Àkàrà Òwúrọ̀

Àṣà kan ń gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti ń dé àwọn abúlé pẹ̀lú: bí ìyá bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ tí ó ní láárí, agolo óòtì ni yóò lọ rà. Àwọn kan a máa rò ó bí ẹ̀kọ mímu, wọn a sì bu ṣúgà sí i títí yóò fi dùn bí oyin. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹyin àti wàrà a máa fi ṣe àkàrà pẹlẹbẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní páńkéèkì. Kò sí ẹni tí yóò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ wí, nítorí ire ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nínú ilé kan náà, àpò ẹ̀wà lè wà ní igun yàrá tí ó ń dúró de ọjọ́ ọjà, kí ẹnikẹ́ni má sì ronú láti bu ife mẹ́ta nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Óòtì jẹ́ ọkà ilẹ̀ tútù. Ó fẹ́ràn òtútù àti òjò wẹ́wẹ́, nítorí náà ni ó fi gbilẹ̀ ní Scotland, níbi tí àlìkámà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ti fi ń jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó lọ sí oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe páńkéèkì yóò lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, yóò fọ́ ẹyin sí i, yóò fi wàrà pò ó, yóò jẹ́ kí ó rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà yóò máa dà á díẹ̀díẹ̀ sórí páànù gbígbóná tí a fi òróró díẹ̀ pa. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá ti yọ lójú rẹ̀, a ó yí i padà. Oúnjẹ rere ni, ìdí méjì ni ó sì mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èkíní, a kì í sẹ́ óòtì. Èèpo inú rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń mú kí ikùn ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń dín ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ kù. Èkejì, ẹyin àti wàrà wà nínú rẹ̀. Óòtì nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fi omi àti ṣúgà nìkan ro óòtì, tí ó sì rò pé òun ti fún ọmọ òun ní ohun tí ọmọ àgbẹ̀ Scotland ń jẹ, owó agolo ni ó san, kò tíì ra oúnjẹ náà.

Ẹ̀kọ ni oúnjẹ òwúrọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn rẹ̀. Ó rọ̀ lọ́fun, ó bá ara aláìsàn mu, kíkan rẹ̀ sì ń ṣe ìdíwọ́ fún ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ibi asẹ́ ni àbùkù rẹ̀ wà. Nígbà tí a bá ti rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, èérí tí a dà fún ewúrẹ́ ni èèpo ọkà náà àti púpọ̀ nínú ojú rẹ̀ tí ó ti ń hù. Níbẹ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ wà, níbẹ̀ náà sì ni apá tí ó dára jù nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà wà. Èyí tí ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ó funfun tí ó sì jọ̀lọ̀, a máa fún ni lágbára fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó pọ̀ tí ọmọ lè fi ta egungun àti ẹran ara. Bí a bá tún wá bu omi púpọ̀ lé e kí ó lè kárí ọmọ mẹ́rin, ikùn ọmọ yóò kún, yóò sì yọ síta, ṣùgbọ́n kí agogo mẹ́wàá tó lù ní ilé-ìwé, ebi yóò ti tún dé, ojú rẹ̀ yóò sì máa wo òde nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ni ní ìṣirò. A sì rí ilé tí ara ewúrẹ́ ti ń dán, tí ọmọ sì ń rù.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 1933, oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, ẹni tí a bí ní Jamaica tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí a ń fi oúnjẹ àgbàdo tọ́. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a máa bó, wọn kò sì ní fẹ́ jẹun mọ́. Púpọ̀ nínú wọn a sì kú. Ní ọdún 1935 ó tún kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pe àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn ará Ga ní Accra fi ń pè é, èyí ni kwashiorkor, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. Àwọn ìyá Ga ti mọ̀ ọ́n kí ìwé tó mọ̀ ọ́n: ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí a sì gbé ife ẹ̀kọ lé lọ́wọ́. Lónìí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé okùnfà àìsàn náà ju ẹyọ kan lọ, pé ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti ibà a máa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó sọ pé ẹ̀kọ olómi nìkan tó láti fi tọ́ ọmọ.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ẹ̀wẹ̀, ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. A máa wọn ọmọ níbẹ̀, a sì máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí páálí kan tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò gbé lọ sílé, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ òun ń sanra tàbí ó ń jò. Irú páálí náà ti tàn kárí ayé. Ìyá tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ibi tí ìlà rẹ̀ sábà máa ń ṣubú ni oṣù tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Kí ni a ó wá fi kún ẹ̀kọ? Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè náà kí a tó bí baba ẹnikẹ́ni tí ó wà láàyè: àkàrà ni. Nínú ìwọ̀n 100 àgbàdo gbígbẹ, nǹkan bí 9 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ti óòtì tó nǹkan bí 13 sí 17. Ti ẹ̀wà tó nǹkan bí 23. Èyí nìkan kọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ara yóò rí lò nínú wọn ju bí ó ti lè rí lò bí a bá jẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ gbígbóná ti àkàrà sọ́fun kò mọ orúkọ èròjà kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ibi tí a gbé ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì, àkàrà ni wọ́n pè é, àwọn ọmọdé tí ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní sì ń rí àkàrà ẹ̀wà lójú inú wọn, epo sì ń kán lára rẹ̀. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil náà kò gbàgbé rẹ̀. Ní Bahia, acarajé ni orúkọ rẹ̀, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ní ọdún 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe é mọ́ àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti bí àkàrà, ta ni ń jẹ ẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọjọ́ Sátidé nìkan ni a ń rí i. Ní ọjọ́ náà gan-an, bàálé a mú mẹ́fà, ìyá a mú méjì, àwọn ọmọ a sì pín ẹyọ kan sí méjì, kí wọ́n lè fi ríran mu ẹ̀kọ. Bákan náà ni ti ẹyin: ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan ń bẹ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran yóò ya olè. Kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa ni ó sún mọ́ olè jù. Àgbàlagbà ti dàgbà ná. Egungun rẹ̀ ti gùn tó bí yóò ti gùn. Ọmọ ọdún méjì ni ó ń kọ́ ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni a sì ń bá ṣọ́ bíríkì. Bí àkàrà inú àwo kò bá tó, ó tọ́ kí ti ọmọ kọ́kọ́ pé ná, kí bàálé sì fi èyí tí ó kù pẹ̀lú iṣu sísun lọ sí oko. Ara rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé epo àkàrà pọ̀ jù fún ojoojúmọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, pàápàá ní ti àkàrà etí ọ̀nà tí a fi epo àná àti ti ìjẹta dín, tí epo náà ti dúdú tí ó sì ń kùn lójú iná. Irú epo bẹ́ẹ̀ kò dára fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí àkàrà ilé wẹ̀ nínú epo. A lè ṣe é lórí páànù pẹlẹbẹ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe páńkéèkì. Ife ẹ̀wà mẹ́ta lè tó ènìyàn mẹ́fà. A ó rẹ ẹ́ sínú omi títí èèpo rẹ̀ yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, a ó sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo méjì àti àlùbọ́sà, kí omi rẹ̀ má ṣe pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ọmọrí odó tàbí ṣíbí igi pò ó gidigidi títí yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì funfun sí i; afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ inú rẹ̀ nígbà yìí ni yóò mú kí ó wú, ẹni tí ó bá sì ṣọ̀lẹ níbí yóò jẹ àkàrà tí ó le bí òkúta. A lè fi ewé tẹ̀tẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i, àti edé gígún bí ó bá wà. Àwọn alákàrà a máa fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn, nígbà tí iná ti ràn, wọ́n sì gbọ́n. Ṣíbí epo kan tó láti pa ojú páànù. A ó da ẹ̀wà náà sí i ní ìwọ̀nba, kí ó má nípọn ju ìdajì ìka lọ, a ó sì jẹ́ kí iná rẹ̀ rọra jó, nítorí ẹ̀wà tí kò jinná nínú yóò da inú ọmọ rú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, a ó yí i, ìwọ̀n kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àkàrà inú agbada dùn ju èyí lọ, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ni a lè jẹ ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìbẹ̀rù.

Bí ó bá jẹ́ epo pupa ni a lò, kí a má ṣe sun ún títí yóò fi di funfun. Pípọ́n rẹ̀ ni ohun tí ń ran ojú lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, iná líle a sì máa pa á run. Kí a sì fi ọsàn kan ti oúnjẹ náà lẹ́yìn dípò tíì, nítorí ọsàn a máa jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà gbà fún ẹ̀jẹ̀, tíì a sì máa dí i lọ́nà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, tí kò lè jẹ àkàrà, a lè se ẹ̀wà bíbó títí yóò fi jinná tán, kí a lọ̀ ọ́ kúná, kí a sì rò ó mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹ̀kọ náà nípọn. Ọmú ìyá kò gbọdọ̀ dúró nítorí èyí.

Wàhálà bíbó ẹ̀wà ni àwọn ìyá ń sá fún, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Obìnrin tí ó ní láti pọn omi, tí ó ní láti wẹ ọmọ mẹ́ta, kí ó sì dé oko kí oòrùn tó mú, kò ní ráyè ọlọ ní ìdájí. Ọ̀nà kan ni pé kí a bó ẹ̀wà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kí a sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ ganrangan, kí a sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ kí ó di ìyẹ̀fun. Àkàrà ìyẹ̀fun kì í wú tó ti ẹ̀wà tútù, ṣùgbọ́n lórí páànù kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kí a sá ti fi omi pò ó ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà ní ọwọ́. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé ọmọbìnrin nìkan ni yóò máa bó ẹ̀wà ní alẹ́ Àìkú.

Ti owó ṣòro ju èyí lọ. Ní ọdún 2024 owó ẹ̀wà gòkè lọ́jà Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé kò fi lè rà á mọ́, ẹni tí ó bá sì ń sọ pé ẹ̀wà ti di oúnjẹ olówó kò purọ́. Èyí gan-an ni ó fi yẹ kí àgbẹ̀ ronú jinlẹ̀ kí ó tó ta gbogbo ìkórè rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a tà á tán ní oṣù Kejìlá nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, wọn a sì tún máa rà á padà ní oṣù Kẹfà ní ìlọ́po owó tí wọ́n tà á. Bí a bá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọn a ní kòkòrò ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á mọ́.

Kòkòrò náà wà lóòótọ́; láti oko ni ó ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, inú àpò ni ọmọ rẹ̀ yóò sì ti lu ẹ̀wà náà ní ihò. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan ń fi pa á burú ju kòkòrò lọ. Wọ́n ń bu oògùn olómi dichlorvos, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi pa aáyán àti ẹ̀fọn, lé orí ẹ̀wà tí a ó jẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí pé wọ́n bá oògùn yìí nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2019 àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ̀ ọ́, wọ́n sì yè é. Ọmọ tí ó wà ní ilé àgbẹ̀ kò ní ẹnubodè tí yóò ti ẹ̀wà náà mọ́. Kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé fífọ̀ nìkan yóò mú oògùn náà kúrò tán.

Ọ̀nà tí kò ní májèlé wà, kò sì ṣòro. Kí a sá ẹ̀wà títí yóò fi máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́, kí a ṣa èyí tí ó ti ní ihò kúrò, kí a sì rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí ó mọ́ títí dé ẹnu, kí a dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, yóò sì kú. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú àpò onípele mẹ́ta tí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Cameroon ní àwọn ọdún 1980 nítorí ẹ̀wà, tí a sì ń tà lọ́jà Nàìjíríà báyìí. Ẹ̀wà tí a dì bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a tú wò kí oṣù méjì tó pé, bí ó ti wù kí ó máa ṣe ni. Ẹni tí ó bá ń ṣí i lójoojúmọ́ ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́ ni.

Àgbẹ̀ tí kò tíì gbin ẹ̀wà rí lè bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù Kẹjọ sí àárín oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí a bá ti kórè àgbàdo àkọ́kọ́, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ń lọ. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti mú irú ẹ̀wà jáde tí ó ń gbó ní nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fi ìlẹ̀ dúdú sílẹ̀ fún àgbàdo ọdún tí ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ebè mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a yà sọ́tọ̀ tí kò sì sí ẹni tí yóò gbé ti orí rẹ̀ lọ sí ọjà, ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀ fún ilé, kí ìyá àwọn ọmọ sì ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀.